Màmá, Kì Í Ṣe Ife Ló Gbé E

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn tó ti lọ láti ọdún mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí mo fi kí yín bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ti Ṣakí dé. Ọ̀sán Sunday la wà yìí. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsí ni mo jókòó sí, orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mi ò ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó pè mí, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Ròkíbà ti pé ọmọ ọdún méjìlá, bàtà mi ti ń bá a lẹ́sẹ̀ mu. Bàbá rẹ̀ ṣì ń ṣe iṣẹ́ rewáyà ọkọ̀ ní Ojota. Ibi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí rán àpò ní Mile 12, ọmọbìnrin kan láti Ìlọrin ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó mọ abẹ́rẹ́ lò, àmọ́ kì í so ìdí okùn rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń so ó. Àwọn Haúsá alálùbọ́sà tó ń pè yín ní Mama Búhù, nítorí pé búhù ni wọ́n ń pe àpò lédè wọn, ṣì ń béèrè yín. Àwọn tí kò tíì gbọ́ nínú wọn máa ń ní kí n kí yín. Mo máa ń ní màá jíṣẹ́. Ó rọrùn ju kí n máa ṣàlàyé lọ. Ẹ gbà á báyìí: wọ́n ní kí n kí yín.

Màmá, ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Nǹkan tó fa àìsàn yín wà lára tèmi náà. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ó wà lẹ́nu ilé ọmọ mi, ó sì tún wà ní ẹnu tí mo fi ń jẹun. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn tán, mo tún un kà, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n rèé. Ròkíbà mú fọ́ọ̀mù kan wá láti ilé ìwé. Wọ́n fẹ́ gún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wọn ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì ní kí òbí buwọ́ lù ú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní Yorùbá pé abẹ́rẹ́ náà ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Mo dúró gbagidi pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Àìsàn yín nìyẹn. Látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ títí tá a fi sin yín, mi ò rí orúkọ rẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa rí. "Ìyẹn" la máa ń pè é nínú ilé. Ṣé ìyẹn fúyẹ́ lónìí? Ṣé ìyẹn tún dà yín láàmú lóru? Òun náà la ń pè báyẹn títí ẹ fi lọ.

Mo mú fọ́ọ̀mù náà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa, mo fẹ́ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ yẹn ò ní ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn kéré lọ́jọ́ orí, ó sì wọ gíláàsì tó tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ṣàlàyé, mo gbà, mo buwọ́ lu ìwé náà níwájú rẹ̀. Mo wá sọ fún un pé àìsàn yìí ló pa ìyá mi.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Aunty?" ó ní. "Ìgbà wo lẹ ṣe àyẹ̀wò tiyín kẹ́yìn?"

"Mi ò ṣe é rí."

"Ẹ ò ṣe é rí, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ó pa màmá yín?"

 Ó ṣílẹ̀kùn yàrá kan, ó ní kí n wọlé, kí n má lọ sílé kí n tó ṣe é. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú kan ni wọ́n fi nù ún. Ó dùn mí pé kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, Màmá. Àbí kí n sọ pé ó yẹ kó dùn mí.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà. Wọ́n ní kí n lọ sí ọsibítù ńlá. Dókítà tó wà níbẹ̀ fi omi kan tó ń ta bíi fínígà pa ibẹ̀, ó ní ibi méjì di funfun. Ó ní kò tíì di jẹjẹrẹ, pé ó lè dì í tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, pé ọ̀nà pípẹ́ ló máa ń rìn kó tó débẹ̀. Wọ́n fi irin kan tó gbóná jó ibi méjèèjì. Inú run mí bíi ti nǹkan oṣù, ó sì tán. Mo wọ mọ́tò, mo bọ́ sílẹ̀ ní Kétu, mo ra ata rodo àti tàtàṣé. Mo bá obìnrin tó ń tà á jà nítorí èyí tó ti rà nínú rẹ̀. Mo délé, mo se ọbẹ̀. Mò ń retí kí n sunkún, ẹkún ò wá. Ó dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri. Mo mọ̀ pé tèmi ni, mi ò kàn mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ ti ẹnu ńkọ́? Ní ọsibítù yẹn, àwọn kan ń ṣe ìwádìí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin tí fáírọ́ọ̀sì yìí bá wà lẹ́nu ilé ọmọ rẹ̀ máa ń ní in ní ẹnu náà. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́, mo ní kò sí wàhálà. Wọ́n fún mi ní omi iyọ̀, kí n fi yọ ẹnu títí dé ọ̀fun, kí n tu ú sínú ike. Mo ṣe é bí ẹni ń ṣe àlùwàlá. Mi ò tiẹ̀ rò ó mọ́ lẹ́yìn náà. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kékeré yẹn ni wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí, òun ló pè mí.

Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in nísàlẹ̀ ló ń ní in lẹ́nu, pé àwọn tó ní méjèèjì ò pọ̀ tó àwọn tó ní ọ̀kan. Ó ní kò sí oògùn tí wọ́n ń lò sí ti ẹnu, pé ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀. Kí n sáà máa wá kí wọ́n máa fi iná wo ọ̀fun mi. Tí mo bá rí kókó lọ́rùn, tàbí tí oúnjẹ bá ń dùn mí láti gbé mì tí kò lọ, kí n má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni. Mò ń gbọ́ ọ, àmọ́ nǹkan míì ló wà lọ́kàn mi.

"Nọ́ọ̀sì," mo ní, "èmi àti ìyá mi jọ máa ń lo ife. A jọ máa ń jẹun nínú abọ́ kan. Ṣé ibẹ̀ ló ti bọ́ sí mi lẹ́nu?"

"Rárá o. Ife kì í gbé e, Aunty. Ṣíbí kì í gbé e, abọ́ kì í gbé e. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ṣe é, ó lè wọ ẹnu. Àmọ́ ká jọ mu omi? Rárá."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa. Èèyàn lè bá ẹni tó ní in jẹ, kó bá a mu, kó bá a sùn lórí ẹní kan. Kò sí nǹkan tó máa ṣe é."

Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni òun fún mi.

Màmá, ẹ ò gbàgbé. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè lọ sí Mile 12 mọ́ ni Àǹtí Sìdí wá kí yín láti Isheri. Àbúrò yín kan ṣoṣo ni wọ́n, mi ò lè ní kí wọ́n má dá sí i. Wọ́n fà mí wọ kíṣìnì, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ya ife wọn sọ́tọ̀," wọ́n ní. "Àti abọ́, àti ṣíbí. O ní ọmọ kékeré nílé. Wọ́n ní àìsàn yẹn ń ràn. Wọ́n ní ìṣekúṣe ló ń fà á."

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn bàbá mi. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Àǹtí. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Mà." Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo mú pólíṣì pupa tí mo fi ń kun èékánná, mo fi kan ìdí ife aláwọ̀ ewé kan, kí n lè máa dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù. Mo gbé omi fún yín nínú rẹ̀. Ẹ mu ún. Nígbà tẹ́ ẹ mu ún tán, ẹ dojú ife náà dé, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ tún gbé e dúró. Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan. Kí ló dé tẹ́ ò bi mí? Tẹ́ ẹ bá ti bi mí ni, ǹ bá ti nù ún kúrò.

Ti ọsàn ló burú jù. Láti kékeré mi lẹ ti máa ń tọ́ ọsàn wò kẹ́ ẹ tó gbé e fún mi, kó má lọ jẹ́ pé ó kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa fà á, ẹ ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu yín, ẹ ó ní, "Gbà, ó dùn." Mo ti tó ìyá ọmọ, ẹ ṣì ń ṣe é. Lọ́jọ́ Friday kan, ẹ jókòó sórí ẹní lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ yín ti tín-ín-rín, ẹ sì bó ọsàn kan títí tó fi mọ́ lóló. Ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ nà án sí mi. Mo gbà á, mo ní mo fẹ́ lọ fọ abọ́, mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Ìdérí garawa yẹn máa ń pariwo. Nígbà tí mo padà dé, ẹ ti kó àwọn èèpo jọ sínú ọwọ́ yín, ẹ ń wo ibòmíì.

Ẹ ò bó ọsàn fún mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Oṣù méjì ló kù kẹ́ ẹ lọ.

Asán ni, Màmá. Gbogbo rẹ̀, asán ni. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún mi nìyẹn tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo sọ fún Bàbá Ròkíbà. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Nínú èmi àti ìwọ, ta ló gbé e wọlé?" Mo sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi fún un, pé ó lè sùn sára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfara hàn, pé kò sẹ́ni tó lè sọ ọwọ́ ẹni tó ti wá, pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rí ló máa ń ní in nígbà kan. Ó ní ṣé kí òun náà lọ ṣe tòun. Mo ní nọ́ọ̀sì sọ pé wọn ò ní àyẹ̀wò kankan tí wọ́n ń ṣe fún ọkùnrin lórí rẹ̀.  Ọjọ́ méjì la ò fi sọ̀rọ̀ ju "oúnjẹ ti jinná" lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó tú áyọ́ọ̀nù mi tó ti bàjẹ́ látọjọ́ pípẹ́, ó tún wáyà rẹ̀ ṣe, ó gbé e sórí tábìlì ìránṣọ. Mo ní ó ṣé. Ibi tá a dúró sí nìyẹn. Kò lé mi, mi ò sì lé e.

Mo wá gbéra lọ sí Isheri lọ́dọ̀ Àǹtí Sìdí. Mo fẹ́ bá wọn jà. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú mọ́tò, bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀, bí màá ṣe parí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọn ò bímọ, ọmọ ọkọ wọn àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń bá gbé. Àwọn yẹn ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Àǹtí nìkan ló wà nílé. Wọ́n ti rù. Mo jókòó, mo gbójú sókè, mo sì rí ife kan, abọ́ kan àti ṣíbí kan nínú ọ̀rá lójú fèrèsé.

"Àǹtí, kí lèyí?"

"Tèmi ni."

"Ta ló yà á sọ́tọ̀?"

"Èmi ni." Wọn ò wo ojú mi. "Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta tí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Èmi tí nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró láti ọdún pípẹ́. Mo mọ ohun tó jẹ́. Ara ẹ̀gbọ́n mi ló ti ràn mí."

Mo ní báwo ló ṣe jẹ́ báyẹn.

"Ọjọ́ tí mo padà wá kí wọn. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n lọ bomi wá fún mi, wọ́n gbé e wá nínú ife tó ní pupa nídìí yẹn. Wọ́n dúró. Wọ́n ń wo ojú mi. Kí ni kí n ṣe? Èmi tí mo ní kó o yà á sọ́tọ̀? Ojú tì mí. Mo mu ún tán pátápátá."

Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní kíṣìnì lọ́jọ́ yẹn ni? Ilẹ̀kùn yẹn ò nípọn. Ṣé ẹ fẹ́ wò ó bóyá àbúrò yín máa mu ún? Àbí omi lásán lẹ bù, ife tó wà nítòsí lẹ sì mú? Mo ti yí i síwá, mo ti yí i sẹ́yìn. Bí mo bá rò ó báyìí, mo rí yín bí ẹni tínú ń bí. Bí mo bá rò ó lọ́nà kejì, mo rí yín bí ẹni tó ń wá ẹnì kan, ẹyọ ẹnì kan, tó máa bá a mu omi. Mi ò mọ èwo ni kí n gbà.

Gbogbo ìjà tí mo tò sílẹ̀ nínú mọ́tò, mi ò rí i mọ́. Mo ní, "Àǹtí, ife kì í gbé e."

"Kí lo wí?"

"Ife kì í gbé e. Mo bi wọ́n léèrè ní ọsibítù. Ẹ ò kó nǹkan kan lára wọn. Wọn ò fún yín ní nǹkan kan."

Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, irú ẹkún tí mi ò rí wọn sun níbi ìsìnkú yín, gèlè wọn ṣubú, mo ṣà á fún wọn. Ojú tèmi gbẹ. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n wọ bàtà, ká máa lọ.

A bá nọ́ọ̀sì kékeré yẹn níbi iṣẹ́. Kò bá wọn wí. Ó pè wọ́n ní Mummy, ó di ọwọ́ wọn mú wọlé. Láti ibẹ̀ la ti dé ọsibítù ńlá. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún ya fọ́tò inú wọn. Dókítà ní kò tíì rìn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, pé àwọn lè yọ ilé ọmọ náà kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Àǹtí ní kí wọ́n yọ ọ́, pé kò kúkú ṣe òun ní oore kankan látọjọ́ yìí. Dókítà ò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín, ó yà mí lẹ́nu pé mo lè rẹ́rìn-ín.

Thursday tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Àǹtí. Ó yọrí sí rere. Wọ́n ti mu ògì lánàá, wọ́n ti ń ráhùn pé tíì ọsibítù ò dùn, wọ́n sì ti bá ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì jà lórí fèrèsé. Dókítà ní wọ́n á máa wá fi ara hàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ó rò pé àwọn ti yọ ọ́ tán. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa jẹ́ ká wọlé kí wọn lónìí, mo ti ń palẹ̀ mọ́.

Ó ku nǹkan kan tí mi ò tíì sọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Láàárọ̀ Thursday, kí wọ́n tó gbé Àǹtí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí ẹbí kan buwọ́ lùwé. Ọmọ ọkọ wọn ò tíì dé. Mo gba bírò. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun tí mo jẹ́ sí aláìsàn. Mo ronú. Àǹtí wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ti wọ aṣọ ọsibítù, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Mo rántí kíṣìnì. Mo rántí ohun tí wọ́n pè yín. Àwọn ìdí tí mo fi lè kọ nǹkan míì pọ̀.

Mo kọ "ọmọ."

Àǹtí rí i. Wọ́n yíjú sí ògiri. Àwọn nọ́ọ̀sì ti bẹ́ẹ̀dì wọn lọ.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa bínú. Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ̀yin náà ni mo ṣì ń jẹ́ ọmọ fún. Àmọ́ wọn ò lẹ́nì kan, Màmá, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tó ń bẹ̀ yín, tó sì fẹ́ràn yín láì dín kù.